Faransé Láti Ẹnu Yorùbá: Bí Ẹ̀kọ́ Èdè Àgbáyé Ṣe Lè Fẹsẹ̀ Múlẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Ìbàràpá

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, kéde pé Nàìjíríà kò ní pẹ́ di orílẹ̀-èdè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pa pọ̀. Nígbà tí wọ́n tún Ìlànà Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ ṣe ní 1998, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Faransé ni èdè ìjọba kejì, pé dandan sì ni kí wọ́n máa kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá fi ìwé yẹn ṣe ẹ̀rí, ọmọ tó wọ pírámárì ní Èrúwà tàbí ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá níbí lọ́dún náà yẹ kó ti lè bá ará Kùtọ́nù dúnàá-dúrà ní Faransé kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Ọmọ náà ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ta ló rí i?

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó bí ìkéde yẹn. Ní oṣù Kọkànlá 1995, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn. Àjọ Commonwealth ní kí Nàìjíríà lọ rọ́kún nílé ná, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kẹ̀yìn sí i, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojúure Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé kankan ló wà lọ́kàn wọn. Faransé wá di pàṣán tí wọ́n fẹ́ fi na Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá sì fi ìbínú mú pàṣán, bí ìbínú bá ti rọlẹ̀, yóò sọ ọ́ nù ni. Abacha kú ní oṣù Kẹfà 1998, ìjọba alágbádá dé ní 1999, ìjà parí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó jáde lọ́dún náà sọ ní abala 55 pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò máa lò, àti Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Kò sí Faransé níbẹ̀. Èdè ìjọba kejì tí òfin ìjọba kò mọ̀! Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2025, Faransé àti Lárúbáwá ti padà di ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ lè yàn tàbí kó fi sílẹ̀.

N kò wá síbí láti sunkún lórí èyí. Mo gbà pé ó yẹ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìbàràpá gbọ́ èdè àgbáyé kejì yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gbà pé Faransé ló yẹ kó jẹ́. Ohun tí mo ń bá jà ni ọ̀nà tí a gbà ń fẹ ẹ̀kọ́ yìí lójú. Orí ìwé la ti ń fẹ̀ ẹ́: a ń ka iye ilé-ẹ̀kọ́ tí òfin kàn, a kì í ka iye olùkọ́. Èrò tèmi ni pé, ní agbègbè bíi tiwa yìí, inú ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló yẹ kí Faransé ti bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu olùkọ́ tí kò ní lọ, kí a sì fi Yorùbá kọ́ ọ. Gbólóhùn tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ló máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù, nítorí náà n óò dúró lórí rẹ̀ pẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olùkọ́ ná. Àwọn kan máa ń sọ pé Faransé le jù, àwọn mìíràn ní ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ kàwé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ló ṣáájú olùkọ́ dé. Láyé ìgbà kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Faransé ní yunifásítì wa máa ń lọ lo ọdún kan ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní Lómè kí ẹnu rẹ̀ lè dá. Nígbà tí náírà wó lulẹ̀ lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, owó ìrìn-àjò yẹn di àléèbá, ìyẹn ló sì mú kí ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì, ní 1991. Abúlé náà ń ṣiṣẹ́ tó dára. Àmọ́ báwo ni ibì kan ṣoṣo ṣe fẹ́ pèsè olùkọ́ fún gbogbo pírámárì àti girama tó wà ní Nàìjíríà? Àwọn díẹ̀ tó bá sì mọ Faransé dáadáa, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú owó tó dùn ún gbà. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí fún un.

Èyí tó máa ń kù fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìlú bíi tiwa ni àgùnbánirọ̀. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ kan tó ka Faransé jáde ní yunifásítì bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún ìsìnrú ìlú. Lọ́gán, Faransé yọ lórí táímùtébù. Àwọn ọmọ JSS1 kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn, wọ́n mọ orúkọ ọjọ́, wọ́n mọ orúkọ àwọ̀, wọ́n kọ orin kan tàbí méjì. Lọ́dún kejì àgùnbánirọ̀ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, àwọn ọmọ náà wọ JSS2 láìsí ẹni tó máa mú wọn tẹ̀ síwájú. Ọdún mélòó kan kọjá, òmíràn dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Bonjour. Kò sí ìran ọmọ kankan tó kọjá Bonjour. Nígbà tí ìdánwò WAEC bá dé, ta ló máa forúkọ sílẹ̀ fún Faransé? Bí kò bá sì sí ẹni tó yege nínú rẹ̀, ọmọ Ìdèrè tàbí ọmọ Tápà wo ló máa lọ kà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó máa padà wálé wá kọ́ àbúrò rẹ̀? Ibi tí àìsí olùkọ́ ti ń bí àìsí olùkọ́ nìyẹn.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti Faransé nìkan. Ìlànà ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1977 ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú èdè mẹ́ta tó tóbi jù, yàtọ̀ sí èdè tirẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ọmọ wa máa kọ́ Haúsá tàbí Ìgbò. Ẹ bi ara yín bóyá ó ṣẹlẹ̀. Kódà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lówó kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní 2004 wọ́n yọ èdè òkèèrè kúrò nínú ohun tó jẹ́ dandan fún ọmọ tó bá ti kọjá ọdún 14, iye àwọn tó ń ṣe ìdánwò Faransé àti Jámánì sì já wálẹ̀ gidigidi. Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ di dandan ní pírámárì ní 2014, ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó dáńtọ́ wà lára ohun tó dí wọn lọ́wọ́. Ilé tí wọ́n bá fi ọdún kan wó, kì í ṣe ọdún kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé nínú ìwé Faransé tí ọmọ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu ni wọ́n ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì wá Faransé. Bẹ́ẹ̀, lórí ohun mélòó kan tó ṣe pàtàkì gan-an, Yorùbá sún mọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹ mú ìró ohùn. Ọmọ tó bá ti ka A B D ti mọ̀ pé e kì í ṣe ẹ, pé ilé kì í ṣe ilẹ̀. Faransé náà ya méjèèjì sọ́tọ̀: é tó wà nínú été ni e tiwa, è tó wà nínú mère ni ẹ tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni o àti ọ: ẹni tó bá pe beau, o ló pè, ẹni tó bá pe porte, ọ ló pè. Ẹ tún wá wo ìró aránmúpè. Gẹ̀ẹ́sì kò ní wọn, nítorí náà ọmọ tó bá ti ojú Gẹ̀ẹ́sì wo bon yóò fi n gbá a ní ìparí, olùkọ́ yóò sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bá a yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ti ń pe ìbọn láti kékeré. Kó yọ ì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, ohun tó kù sí i lẹ́nu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bon pátápátá. Ẹn tó wà nínú ìyẹn náà ló wà nínú pain, tí í ṣe búrẹ́dì. Olùkọ́ tó bá mọ èyí á kọ ọ́ sí pátákó lọ́jọ́ kan, ó sì parí.

Ti ọ̀wọ̀ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ní you fún bàbá, ó ní you fún ọmọ, ó ní you fún ajá. Ìwé tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Faransé gbọ́dọ̀ wá sọ ìtàn gígùn kó tó lè yé ọmọ ìdí tí tu fi yàtọ̀ sí vous, àti ìdí tí vous tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè jẹ́ ti àgbà kan ṣoṣo. Ọmọ Ìbàràpá wo ni èyí máa ṣe àjèjì sí? Kó tó mọ nǹkan kan ni wọ́n ti bá a wí pé kì í ṣe “o” ni wọ́n ń sọ sí àgbà, “ẹ” ni. Òṣùwọ̀n Faransé kò bá tiwa dọ́gba tán o: Faransé máa ń sọ vous sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n rí, ó sì lè sọ tu sí bàbá tó bí i, èyí tí a kò jẹ́ dán wò níbí. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Tàbí ẹ mú ìṣirò. Faransé máa ń pe 80 ní ogún lọ́nà mẹ́rin, quatre-vingts, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwa ńkọ́? Ogún méjì ni ogójì wa, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin gan-an ni ọgọ́rin. Bí ọmọ bá ti lè ka owó ní Yorùbá, a kò ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí quatre-vingts. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò lè ka owó ní Yorùbá mọ́, ẹ̀bi wa sì nìyẹn.

N kò sọ pé Yorùbá á gbé ọmọ dé òpin ìrìn-àjò. A kì í pín tábìlì àti àga sí akọ àti abo, Faransé ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í pa dà nítorí ẹni tó ṣe é: mo lọ, o lọ, wọ́n lọ, ti Faransé ń yí bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ṣe ń yí. Ìró u tó wà nínú rue kò sí lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni z àti v, àwọn méjì yìí sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti lè ran ọmọ lọ́wọ́. Ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti pọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó má fi wákàtí rẹ̀ ṣòfò lórí ohun tí ọmọ ti gbé wá láti ilé. Ìwé Faransé kan tó kéré, tí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé, tí onímọ̀ Faransé àti onímọ̀ Yorùbá jọ jókòó kọ, wúlò fún wa ju ẹgbẹ̀rún ìwé olówó ńlá láti òkè òkun lọ.

Níbo la ti máa rí olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Ọ̀gangan ìwọ̀-oòrùn Igbó-Ọrà ni Kétu wà, ní ilẹ̀ Bìní olómìnira, bí ẹyẹ bá sì fò tààrà láti Igbó-Ọrà, ọ̀nà Kétu kò fi ohun púpọ̀ ju ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, ní oṣù Kẹjọ 1889 sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé tó pààlà sí àárín àwọn ọmọ Odùduwà. Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu àti Ṣábẹ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú ti fi ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1976 ṣe àfiwé bí ayé ṣe rí ní ìhà méjèèjì, àti bí àwọn ará ìhà Faransé ṣe ń sá wá sí ìhà tiwa nítorí iṣẹ́ túlààsì àti owó orí. Ẹbí kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì títí di òní. Ìyàtọ̀ ni pé èdè tí wọ́n fi ń kàwé láti kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún ni Faransé. Àwọn Yorùbá tó jáde ní yunifásítì pẹ̀lú Faransé wà ní Kétu, wọ́n wà ní Pọ̀bẹ́, wọ́n wà ní Àjàṣẹ́. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 lórí ìrìnsẹ̀ fàyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láti wọ òmíràn, ìpele rẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ti gbígbé àti ṣíṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, TRCN, sọ̀rọ̀ lórí ìwé ẹ̀rí wọn.

Ó tún ju olùkọ́ lọ. Lásìkò ìsinmi gígùn, ọmọ SS1 láti Igbó-Ọrà lè lọ lo oṣù kan ní Kétu, nínú ilé tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, tí kò ní ṣàárò àmàlà. Ọmọ Kétu náà á wá sọ́dọ̀ wa wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn náà ń wá Gẹ̀ẹ́sì lójú méjèèjì. Pàṣípààrọ̀ báyìí kò ní ná ìjọba ní owó ńlá. Ewu rẹ̀ wà: ní oṣù Kẹjọ 2019 ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa lójijì, ó sì ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé kí a fi olùkọ́ tó ń gbé àárín wa ṣáájú pàṣípààrọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó máa sọ pé ọmọ tí kò lè ka Yorùbá, tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ló fẹ́ fi Faransé ṣe? Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Báńkì Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé nínú ọmọ mẹ́wàá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Nàìjíríà, bíi méje ni kò lè ka ìtàn kúkúrú kó yé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ nípa bí a ṣe lè wo ìyẹn sàn, ilẹ̀ Yorùbá níbí la ti rí i. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní pírámárì St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ló sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta yọ nínú iṣẹ́ yòókù. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé èdè kejì kì í pa ọmọ tí èdè àkọ́kọ́ rẹ̀ bá dúró dáadáa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ Faransé kó ṣáájú pírámárì kẹrin. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí n gbà pé àṣìṣe ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ní oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ìlànà tí wọn kò fún ní olùkọ́, tí wọn kò fún ní ìwé, ni wọ́n dájọ́ ikú fún láàárín ọdún mẹ́ta.

Àwọn kan á ní Faransé ti ń re ilé. Mali yọ ọ́ kúrò ní ipò èdè ìjọba ní 2023, Burkina Faso ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024, Niger tẹ̀ lé wọn ní 2025, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní ọdún náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó bá Ìbàràpá pààlà. Bìní, Tógò àti Côte d'Ivoire, níbi tí ọjà ti ń wá tí ọjà wa sì ń lọ, Faransé ni wọ́n ṣì fi ń kọ ìwé ẹnubodè àti ìwé báńkì. Bí Paris bá fẹ́, kó tutù bí omi. Ìyẹn kò kan gàrí àti kaṣú wa. Ní ti èdè Ṣáínà tí wọ́n ní ó ti wọ inú ètò ẹ̀kọ́ girama àgbà ní 2025, n kò ní ìjà bá a, àfi pé mo ń béèrè olùkọ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń béèrè ti Faransé. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé, lẹ́yìn ìkọlù tí ojú Ìgangan rí ní Ìbàràpá níbí ní 2021, Fúlàní ni èdè tó yẹ ká kọ́, n kò ní bá a jiyàn púpọ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè aládùúgbò rẹ̀ máa ń tètè mọ ohun tó ń bọ̀. Àmọ́ ọjà àti oko ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn, kò sì ní dúró de WAEC.

Àtakò kan ṣì wà tí n kò lè tú ká tán. Bí a bá kó olùkọ́ Faransé jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀, kí ni ká sọ fún àwọn òbí tó wà ní àwọn ìlú yòókù? Kò ní dùn mọ́ wọn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni kí wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n ohun tí a pín dọ́gba láti 1998 títí di ìsinsìnyí ni òfìfo. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta la ní, tí olú wọn wà ní Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Ayétẹ̀. Kí a mú girama kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pírámárì méjì tó ń kó ọmọ sínú rẹ̀. Olùkọ́ Faransé méjì fún girama, kí iṣẹ́ má bàa dúró bí ọ̀kan bá lọ, àti ọ̀kan fún pírámárì méjèèjì. Olùkọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní pírámárì kẹrin ní oṣù Kẹsàn-án 2026 yóò jáde ní SS3 ní 2035. Bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà ní Láńlátẹ̀ bá ti múra sílẹ̀ dè é, ó lè gba NCE ní 2038, kó sì wọ kíláàsì láti kọ́ ọmọ mìíràn. Ọdún méjìlá nìyẹn. Irú ọdún méjìlá bẹ́ẹ̀ méjì ti kọjá láti ìgbà tí Abacha ti ṣe ìkéde rẹ̀, ìkẹta sì ti dé ìdajì. Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́dún yìí lọ́wọ́ SUBEB tó ń rí sí pírámárì àti TESCOM tó ń rí sí olùkọ́ girama ni orúkọ olùkọ́ mẹ́sàn-án, àti ilé tí wọ́n máa gbé.